Bàbá Àgbà Tó Bá Mi Ṣọ́ Àyè Mi

Bí ẹ bá ń wá ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ẹ má bi mí ní nọ́ńbà. Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọmọ wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ ni, ọdún kan kí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wá kí wa. Nígbà náà, mo ti lè ru garawa omi láti odò délé láì jẹ́ kó dà sí mi lọ́rùn. Ìyá mi ní mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bàbá àgbà mi kò rí òmìnira. Ọ̀gbẹlẹ̀ tó ṣáájú òmìnira ló mú wọn lọ. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọdún márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n kò tíì tán nínú mi. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, kó má bá mi fi ẹnu ilé ìwé tún un ṣe.

N kò ní sọ ìtàn Bàbá láti ọjọ́ ìkómọ dé ọjọ́ ìsìnkú. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó mọ ibi tí wọ́n bí wọn sí ti kú tán. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé àgbà tó ga tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, ọ̀dà dúdú kì í kúrò lábẹ́ èékánná wọn, títí kan ọjọ́ Iléyá, kò sì sí ohun tí wọn kì í béèrè.

Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa kọ àmì sára àpò gbàǹja ní tẹ́ṣàn rélùwéè Agége. Nígbà yẹn, gbàǹja ni Agége. Wọ́n á fi ewé dì í sínú àpò, wọ́n á kó o sí ọkọ̀ ojú irin, ó di Òkè Ọya. Oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ló ní lẹ́tà tirẹ̀, kí ẹrù má baà pàárọ̀ lọ́nà. Bàbá á gé páànù lára garawa kẹrosíìnì, wọ́n á gé lẹ́tà náà sí àárín páànù, wọ́n á gbé e lé àpò, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kun ọ̀dà lé e lórí. Tí wọ́n bá gbé páànù kúrò, lẹ́tà ti wà lára àpò. Àmọ́ ó máa ń ní àlàfo. Lẹ́tà O wọn kì í yípo tán: ó máa ń já díẹ̀ lókè, ó máa ń já díẹ̀ nísàlẹ̀, bí òṣùpá méjì tó kọjú síra wọn. B náà bẹ́ẹ̀, D náà bẹ́ẹ̀. Torí iṣẹ́ yìí ni gbogbo àdúgbò ṣe ń pè wọ́n ní Bàbá Onípáànù.

Wọn kò lọ ilé ìwé rí. Kéú ni wọ́n kà. Lẹ́tà òyìnbó, ńṣe ni wọ́n béèrè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, bí ẹni ń béèrè ọ̀nà ní ìlú tí kò dé rí. Lónìí, "Ọ̀gá, kí lẹ ń pe eléyìí?" Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, "Ọ̀gá, eléyìí tó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú ńkọ́?" Wọ́n mọ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n wọn kò lè so wọ́n pọ̀ kó di ọ̀rọ̀. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan bóyá wọ́n lè ka ohun tó wà lára ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀ wọ́n lójú, Rábí. N kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ."

Ẹ kò lè bá wọn rìn kẹ́ ẹ yára dé ibi tí ẹ ń lọ. Nígbà tí wọ́n ń gé igbó Ìkẹjà láti fi kọ́ ilé iṣẹ́, a lọ kí bàbá mi, Sàláwù, tó ń bá wọn gbẹ́ kòtò ìpìlẹ̀. Pátákó ńlá kan wà lẹ́nu géètì. Bàbá dúró síwájú rẹ̀ bí ẹni tó dúró níwájú ọba. Wọ́n na ìka sókè, wọ́n ń fi ya lẹ́tà náà lójú afẹ́fẹ́. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣọ́ géètì jáde.

"Bàbá, ṣé iṣẹ́ lẹ ń wá ni? Wọn kì í gba arúgbó níbí o."

"Rárá, ọmọ mi. Mo ń kí R ni."

"Ta ni R? Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí."

"Òun ló dúró sókè orí rẹ yẹn. Wò ó bó ṣe na ẹsẹ̀, bí ẹni fẹ́ ta ènìyàn nípàá."

Ọ̀gbẹ́ni náà gbójú sókè. Mo rò pé ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ wo pátákó tó ń dúró sábẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Bá a ṣe ń lọ, Bàbá ní, "Ènìyàn lè bá nǹkan gbé kó má kí i rí."

Ìyá Àgbà, ìyàwó wọn, kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́tà yìí rárá. Ìyá Àgbà á fi ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ògiri ilé ìdáná kó máa dán, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, Bàbá á ti fi èédú kọ nǹkan sí i.

"Bàbá Sàláwù! Ògiri tí mo rẹ́ láàárọ̀ yìí náà lẹ tún ya aláǹgbá sí?"

"Kì í ṣe aláǹgbá. K ni."

"K tó ní ìrù?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìyẹn, Ìyá Sàláwù."

"Ẹ sọ fún un kó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lára ògiri mi. Bó bá tún fẹ́ bímọ, kó lọ bí i sílé ẹlòmíràn!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí igbá tí Ìyá Àgbà fi ń bu èlùbọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù nílé àwọn aládùúgbò, mo rí i tó mú ọ̀bẹ, tó ya ìlà kan sí ìdí igbá, tó fi apá kan àti ẹsẹ̀ kan sí i, ó di K. Ó rí mi. "Má sọ fún bàbá àgbà rẹ o," ó ní. "Wọ́n á máa yọ̀ mí."

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ni bí Bàbá ṣe kọ́ wa. Ìgbà tí wọ́n bá ń dúró kí ọ̀dà gbẹ lára àpò ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwa ọmọ àdúgbò á dúró yí wọn ká, àwọn kan kò tíì lè wọ ṣòkòtò fúnra wọn. Bàbá á bu eérú, wọ́n á fi ya lẹ́tà kan gbàgàdà sílẹ̀, tó fẹ̀ tó yàrá. Wọ́n á ní kí ọ̀kan nínú wa fi ẹsẹ̀ rìn ín.

"Ibo lo ti máa bẹ̀rẹ̀? Òkè ni. Má sáré. Yà sápá ọ̀tún. Má tẹ ìta, ọ̀nà kò gba ibẹ̀."

Tí a bá dé ibi àlàfo, a ó fò ó. A fẹ́ràn fífò yẹn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Múrí, àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, á fo àlàfo B bí ẹni fo odò, á ké "Yéè!" Lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ bá ti mọ̀ ọ́n, a ó fi ìka kọ ọ́ sínú yanrìn. Ìgbà tó bá dọ̀la ni Bàbá tó máa fún wa ní èédú. Àwọn ìyá wa ń bi wọ́n pé ta ló ń fi ẹsẹ̀ kọ̀wé. Ìdáhùn wọn kan náà ni: "Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà. Ọwọ́ á wá bá a níbẹ̀."

Ọdún ìwé ọ̀fẹ́ dé. Wọ́n kọ́ ilé ìwé tuntun kan sí ọ̀nà Dópẹ̀mú, ògiri rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ọjọ́ orí ọmọ nígbà náà: wọ́n á ní kó na ọwọ́ ọ̀tún kọjá orí, kó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ó ti tó ìwé kà. Múrí na tirẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, ó kàn án. Èmi na tèmi, ó kọjá etí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé èjìká. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti sọ mí ní Ìyá Kíláàsì. Mo gbà á. Ó wù mí láti kàwé ju kí n bínú lọ.

Tíṣà wa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìjẹ̀bú, tó máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ nínú oòrùn Agége. Ọmọ tó wá ti pọ̀ ju àyè lọ. Àwọn kan jókòó sílẹ̀, àwọn kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì, Tíṣà béèrè ẹni tó bá ti mọ lẹ́tà kọ tẹ́lẹ̀. Àwa mẹ́jọ tí Bàbá kọ́ dìde gìrì. Inú wa dùn! Wọ́n ní kí a wá kọ O sójú pátákó.

Múrí kọ́kọ́ kọ ọ́. Òṣùpá méjì tó kọjú síra. Táwà tẹ̀ lé e, ó kọ òṣùpá méjì. Àwa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kọ ọ́ bákan náà, èmi ni mo kẹ́yìn, mo sì ṣe àlàfo tèmi dáadáa. Tíṣà wò wá lọ títí. Wọ́n rò pé a ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

"Ta ló kọ́ yín ní eléyìí?"

"Bàbá Onípáànù ni, sà."

"Kí wá ni àlàfo yìí wà fún?"

Múrí ló dáhùn. "Ibẹ̀ la ti máa ń fò, sà."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ìyá Kíláàsì pàápàá kò mọ̀ ọ́n! Tàgbàtàgbà!" Ẹ̀rín tún pọ̀ sí i. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ O tó dì, tí kò ní àlàfo, fún wa, wọ́n ní kí a tún un kọ. A tún un kọ, àlàfo tún wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ wa ló ti mọ̀ ọ́n, ọwọ́ wa kò mọ bó ṣe máa kọjá níbẹ̀ láì fò. Tíṣà nu ọwọ́. Wọ́n ní hẹdimáásítà ti pàṣẹ kí wọ́n dín ọmọ kù, kí àwa mẹ́jọ máa lọ sílé, kí a padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. "Ó yá mi lára láti kọ́ ẹni tí kò mọ nǹkan kan ju kí n máa tún ohun tí wọ́n ti kọ́ sódì kọ́."

Nígbà tí a délé, ìyá Táwà ti ṣáájú wa dé ọ̀dọ̀ Bàbá.

"Bàbá, ẹ ti ba ọwọ́ ọmọ mi jẹ́! Ọdún kan gbáko ló fi máa jókòó sílé. Ta ló rán yín níṣẹ́?"

Bàbá yíjú sí Múrí. Wọ́n ní kí Múrí fi ìka ya O ti Tíṣà sílẹ̀. Múrí rọra yà á, ó fi ahọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Bàbá bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n yí i ká wò ó láti ẹ̀yìn. Mo rò pé wọ́n á bínú.

"Ó dì," wọ́n ní. "Ó dì pátápátá. Báwo ni Tíṣà ṣe gé e tí àárín rẹ̀ kò já?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wọ bùbá Jímọ́ọ̀ wọn, wọ́n mú páànù kan, irin ìgépáànù àti òòlù. Wọ́n pe àwa mẹ́jọ. Mo ti sá sí ilé ìdáná, mo fara pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò omi.

"Rábí ńkọ́?"

"Bàbá, n kò lọ mọ́."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín."

"Ìwọ ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín àbí O?"

"Èmi ni, Bàbá. Èmi ni mo dàgbà jù."

Wọ́n rò ó. "Ó dáa. Má wọlé. Máa bọ̀ kó o dúró lójú fèrèsé. Ṣé kò wù ọ́ láti mọ̀ ni?"

Ó wù mí. Mo tẹ̀ lé wọn, mo dúró níta lójú fèrèsé. Ibẹ̀ ni mo ti rí gbogbo ohun tí mò ń sọ yìí.

Tíṣà dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá."

"Káàárọ̀, Tíṣà. O kú iṣẹ́. Wọ́n ní mo ti fi ọ̀nà tí kò dára han àwọn ọmọ yìí. Mi ò wá jà. Mo wá béèrè ni."

Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n gbé irin lé páànù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu òòlù. Gbogbo ọmọ dìde dúró. Bàbá gé O yípo láì fi àlàfo kankan sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe lù ú tán, tìn-ìn! Àárín páànù já bọ́, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì, àwọn ọmọ sáré lé e. Ihò rogodo nìkan ló kù lọ́wọ́ Bàbá. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n ń wo Tíṣà láti inú ihò náà.

"Ṣé o rí i? Ìdí tí mo fi ń fi afárá sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ nìyẹn, kó lè di inú rẹ̀ mú. Ogójì ọdún ni mo ti ń gé e bẹ́ẹ̀. Tìrẹ yìí, kí ló di inú rẹ̀ mú?"

Tíṣà lọ sídìí pátákó. Wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n wò ó bí ẹni pé àwọn náà kò rí i rí. "Bàbá," wọ́n ní, "páànù lẹ̀yin ń gé. Èmi kò gé nǹkan kan. Mo kàn ń fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká ni, kò sí ohun tó lè já."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mú ikọ́ dání. "Hẹ̀n-ẹ́n! A jẹ́ pé páànù ló ti ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí. Mo ṣe bí lẹ́tà ni!"

Wọ́n dìde. Mo rò pé wọ́n fẹ́ máa lọ. Wọ́n ní, "Múrí, ibo ni ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń jókòó sí?" Múrí nawọ́ sí bẹ́ǹṣì iwájú. Bàbá lọ jókòó síbẹ̀. Bẹ́ǹṣì náà kéré, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

Tíṣà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Ẹ dákun, Bàbá, ẹ má jókòó síbẹ̀. Ẹ wá gba àga mi."

"Àga rẹ, ti ẹni tó mọ̀ ọ́n ni. Èmi kò tíì mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo kọ́ àwọn ọmọ yìí ní fífò. Bí wọ́n bá máa padà sílé, á jẹ́ pé èmi àtàwọn la jọ ń lọ. Bí wọ́n bá jókòó, kọ́ wa."

Hẹdimáásítà gbọ́ ariwo, ó wá yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí irùngbọ̀n funfun láàárín àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ó tún yọjú lẹ́ẹ̀kejì, ó padà sí ọ́fíìsì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún sọ pé kí ọmọ kankan máa lọ sílé.

Ọjọ́ márùn-ún ni Bàbá fi jókòó síbẹ̀. Àwọn méje tó kù kọ́ bí lẹ́tà ṣe ń dì, Bàbá náà kọ́ ọ. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìrun Àsárì, wọ́n á pè mí, wọ́n á fi ìka kọ èyí tí wọ́n kọ́ lọ́jọ́ náà sínú yanrìn fún mi. Wọn kò bá mi wí. Wọ́n kàn ń sọ pé, "Tíṣà béèrè rẹ lónìí." Tàbí, "Ọmọ tó pè ọ́ ní Ìyá Kíláàsì kò lè kọ R." Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n gbọn yanrìn kúrò lọ́wọ́, wọ́n wò mí lójú. "Àyè rẹ ṣì wà níbẹ̀, Rábí. Mo kàn ń bá ọ ṣọ́ ọ ni."

Mo ní màá lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mọ́ńdè dé, mo dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, mo gbọ́ ohùn àwọn ọmọ, mo padà. Bàbá ti padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ọmọ kan tó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bọ́ sí àyè mi. Bó ṣe parí nìyẹn. Mo mọ lẹ́tà títí dòní, gbogbo rẹ̀, tó dì. Ṣùgbọ́n bíi ti Bàbá, mo mọ̀ wọ́n lójú ni.

Láti ìgbà náà, Bàbá yí iṣẹ́ wọn padà. Wọ́n á fi páànù kọ lẹ́tà sára àpò, wọ́n á gbé páànù kúrò, wọ́n á tún fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré dí àlàfo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí wọ́n ń parí kí oòrùn tó mú, ó wá ń di ọ̀sán. Àwọn alárù ń pariwo.

"Bàbá Onípáànù, rélùwéè ti ń fọn fèrè o! Ṣé àpò yìí fẹ́ lọ kàwé ní Kánò ni?"

"Àpò kì í kàwé," Bàbá á ní. "Ọmọ tó ń kọjá lọ ló ń kà á."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é títí ọwọ́ wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, títí ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn fi dé. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Ìyá Àgbà pín ẹrù wọn. Múrí gba fìlà àti òòlù. Èmi ni wọ́n fún ní páànù tí wọ́n gé níwájú Tíṣà, tí inú rẹ̀ já. Mo ní, "Ìyá Àgbà, kò wúlò fún nǹkan kan." Ìyá Àgbà ní, "Bàbá rẹ ló ní kí n fún ọ. Bi wọ́n léèrè tó o bá dé ọ̀hún."

Ó ṣì wà lábẹ́ ibùsùn mi. Ó ti dípẹtà.

Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, gbogbo wọn ló kàwé. Kò sí èyí tí kò ní ọjọ́ kan tó délé tó ju báàgì sílẹ̀ pé òun kò lọ mọ́: tíṣà na òun, wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín, òun gba òdo. N kì í jà. Màá wọ yàrá lọ, màá mú páànù yẹn jáde, màá ní kó wò mí láti inú ihò rẹ̀. Màá ní:

"Ẹni tó gé èyí ti ṣiṣẹ́ yìí fún ogójì ọdún. Nígbà tí wọ́n ní ó ṣì í, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ jókòó láàárín ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni èmi, ojú tì mí, mo dúró lójú fèrèsé. Ọjọ́ márùn-ún ni Bàbá fi bá mi ṣọ́ àyè mi. Tìrẹ, n kò lè bá ọ ṣọ́ ọ. Mú báàgì rẹ, kó o lọ jókòó."